Àwòrán Ìdìbò Àtijọ́: Kí Ni Àwa ní Ìlọrin Fi Pamọ́?

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ohun kan lọ́pọ̀ ìgbà tí a rò pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa ó fiyè sí. Wọ́n wá àwòrán alẹ́ ìdìbò gbogbogbòò àtijọ́ jáde láti inú àká, wọ́n sì tún un fi hàn lórí amóhùnmáwòrán fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gan-an bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà ni ènìyàn lè jókòó ní Ìlọrin kí ó sì wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹni tí a kò tíì bí ní 1964 lè rí i bí ìbò ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Harold Wilson fi di olórí ìjọba, tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi mẹ́rin péré ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ohun tí ènìyàn ń rí nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí kò kéré. Ó ń rí gbọ̀ngàn ìlú ní òru, níbi tí àwọn tí ń ka ìbò jókòó sí ìdí tábìlì gígùn. Ó ń rí òṣìṣẹ́ tí ó ń darí ìdìbò ní àgbègbè náà, tí ó gun orí pèpéle, tí gbogbo olùdíje tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ka orúkọ wọn àti iye ìbò olúkúlùkù ní ojú gbogbo ayé. Nínú ìdìbò ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1997, Michael Portillo, tí í ṣe mínísítà ètò ààbò nígbà náà, dúró lórí irú pèpéle bẹ́ẹ̀ ní Enfield Southgate, ó sì gbọ́ ọ bí a ti kéde pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gba ipò lọ́wọ́ òun. Kò sá kúrò lórí pèpéle, kò sì sọ pé a yí ìbò. Ó kí ẹni tí ó borí rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé. Bí a bá sọ èyí fún ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìlọrin, ó lè rò pé àlọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, kò ní ṣiyè méjì.

Kì í ṣe ohun ìyìn nìkan ni wọ́n fi pamọ́. Ní 1970, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wádìí èrò àwọn ènìyàn sọ pé Wilson ni yóò wọlé, ṣùgbọ́n Edward Heath ni ó wọlé. Ní 1992, BBC fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ alẹ́ ìdìbò pẹ̀lú ìkéde pé kò ní sí ẹgbẹ́ tí yóò ní ọ̀pọ̀ aṣòfin tí ó tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹgbẹ́ John Major ti borí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní alẹ́ wọ̀nyí ṣì wà nínú àwòrán, wọ́n ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ títí di òní. A kò nu ojú wọn kúrò nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtìjú wọn wà níbẹ̀. Nínú ìdìbò 1964 kan náà, ní ìlú Smethwick, ọ̀rọ̀ ìkórìíra sí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ni a fi gba ìbò, tí Patrick Gordon Walker sì pàdánù ipò rẹ̀ fún Peter Griffiths. Ní 1987, ìyẹn ọdún 23 lẹ́yìn náà, Bernie Grant, Diane Abbott, Paul Boateng àti Keith Vaz wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2017, Kemi Badenoch, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wọ ilé náà. Ní oṣù kọkànlá 2024, ó di olórí ẹgbẹ́ Conservative, ẹgbẹ́ tí Griffiths dúró fún ní Smethwick. Yálà ènìyàn fẹ́ràn ìṣèlú obìnrin yìí tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tí ó bá wo àwòrán ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtẹ̀léra yóò mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó.

A kò sọ èyí láti fi òyìnbó ṣe òrìṣà. Àwọn kan náà ni wọ́n ṣe alákòóso ìdìbò wa kí a tó gba òmìnira, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, ni a dìbò tí ó yan ìjọba tí ó gba òmìnira. Ìlọrin wà lábẹ́ Àríwá nígbà náà, òfin Àríwá kò sì fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Obìnrin Òṣogbo dìbò ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tí ó lọ sí ilé ọkọ ní Ọ̀fà kò lè dìbò. Ó tó 1976 sí 1979, nígbà tí àwọn ológun ń múra àti gbé ìjọba sílẹ̀, kí àwọn ìyá wa ní ìhà ìhín tó fi ìka tẹ ìwé ìbò. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé-ìwé ní Ìlọrin lónìí ni ó mọ èyí?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó ṣáájú èyí. Láàrin 1956 sí 1958, Ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ ti Ìlọrin, tí ó bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe àjọṣe, borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì gba àkóso rẹ̀, kí ìjọba Àríwá tí ó wà ní Kàdúná tó tú ìgbìmọ̀ náà ká. Títí di òní, ẹni tí baba rẹ̀ wà nínú Tálákà Parapọ̀ ní bí ó ti ń sọ ọ́, ẹni tí baba rẹ̀ bá NPC lọ ní bí ó ti ń sọ ọ́. Kò sí àwòrán kan tí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó wò.

Ohun tí ó gba ìrántí ìṣèlú là fún wa ní ìgbà náà ni orin. Odòlayé Àrẹ̀mú, ọ̀gá nínú àwọn onídadakúàdà ìlú yìí, kọrin nípa àwọn olóṣèlú ìgbà ayé rẹ̀, Ládòkè Akíntọ́lá sì wà nínú wọn. Nítorí pé a tẹ orin rẹ̀ sínú àwo, àwọn tí a bí lẹ́yìn ikú Akíntọ́lá ṣì ń gbọ́ ọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olórin wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olórin ni láti yìn àti láti ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe láti ka iye ìbò. Ẹ̀rí mìíràn yẹ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ orin.

Nígbà tí ó fi di 1979, amóhùnmáwòrán ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọdún náà, Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN di gómìnà Kwara, èyí tí ó tóbi ju ti òní lọ, nítorí pé Kàbà àti Òkéné ṣì wà nínú rẹ̀. Ní 1983, Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lo oṣù mẹ́ta péré kí àwọn ológun tó dé ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà. Ìgbà tí ìbò lé gómìnà tí ó wà lórí oyè kúrò ní Ìlọrin nìyẹn. A kò tíì gbọ́ kí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wa kan ó fi odindi ọjọ́ kan tún àwòrán ìdìbò náà fi hàn, kí àwọn ọmọ ó rí i bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tí ó bá wo ìdìbò Kwara láti 1979 wá yóò rí i pé Olúṣọlá Sàràkí, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú NPN, ni ó ti Adébáyọ̀ ti UPN lẹ́yìn ní 1983. Yóò rí i pé ó ti Mohammed Lawal lẹ́yìn ní 1999, ó sì dojú kọ ọ́ ní 2003, nígbà tí ọmọ rẹ̀ Bùkọ́lá wọlé. Ní 2011, baba àti ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bùkọ́lá Sàràkí náà kúrò ní PDP lọ sí APC, ó sì padà sí PDP ní 2018. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni, nítorí òfin gbà kí ènìyàn ó pààrọ̀ ẹgbẹ́, ilé yìí nìkan kọ́ sì ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn aṣáájú ń kọjá láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì, wọ́n sì tún ń jọ jẹun, nígbà tí ọmọ tálákà tí ó bá aládùúgbò rẹ̀ jà nítorí wọn ṣì ń tọ́jú ọgbẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rí ìdìbò márùn-ún sí mẹ́fà ní ìtẹ̀léra, ǹjẹ́ yóò tún gba igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi lu ọmọ ìyá rẹ̀?

Àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú ti rí i pé ohun tí gbogbo ojú bá rí kì í rọrùn láti pa rẹ́. Ní oṣù kẹfà 1993, àjọ elétò ìdìbò ti kéde èsì ìpínlẹ̀ 14 kí ìjọba ológun tó dá a dúró, tí ó sì fagi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Àwọn ènìyàn ti mọ ohun tí a kà ní ibùdó ìdìbò wọn, wọ́n sì ti gbọ́ èyí tí a kéde. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ náà kò fi kú, títí ìjọba àpapọ̀ fi sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa ní 2018. Ní 2015, a jókòó sí iwájú amóhùnmáwòrán, a rí bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega ti fi sùúrù gba èsì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan sì pe Muhammadu Buhari láti kí i kí a tó ka ìbò tán. Ní 2019, ní ìgbà tí igbe “Ó tó gẹ́” gba gbogbo Kwara, AbdulRahman AbdulRazaq ní ìbò 331,546, olùdíje PDP sì ní 114,754. Ní 2023, ìjà ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ dá lórí àwòrán: àjọ INEC ti ṣèlérí pé àwòrán ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò yóò hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíá, kò sì hàn bí a ti retí. Àwòrán ti di ẹlẹ́rìí nínú ìdìbò wa, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà ó sọnù.

Àwọn kan yóò sọ pé títún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fi hàn dà bí ẹni ń họ ọgbẹ́ tí ó ti jinná. Ìdáhùn wa ni pé ọgbẹ́ tí a bò mọ́lẹ̀ láì wẹ̀ kì í jinná. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó ni ìṣòro, àti pé ní ayé àtijọ́ téèpù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń nu ti àná láti ká ti òní. Òótọ́ ni, BBC pàápàá nu púpọ̀ nínú tirẹ̀ ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti kọjá. Ewu tí ó wà nísinsìnyí ni pé ooru, ọ̀rinrin àti eruku ọyẹ́ ń ba èyí tí ó ṣẹ́kù jẹ́, ẹ̀rọ tí ó lè ká a sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún.

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí. Kí gbogbo ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àti asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó wà ní Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni, ó tú àká wọn wò, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, kí wọ́n sì dà á sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara ó ṣe òfin pé ẹ̀dà àwòrán àti ohùn gbogbo alẹ́ ìdìbò gbọ́dọ̀ wà ní ibi ìkàwé kan tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Yunifásítì Ìlọrin, tí ó ti wà láti 1975, kò ṣe aláìtó láti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ó pa ẹ̀dà ìwé èsì tí àwọn aṣojú rẹ̀ gbà ní ibùdó ìdìbò mọ́, yálà ó borí tàbí ó pàdánù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Àwọn bàbá àti ìyá tí ó fi ojú rí ìdìbò 1959 ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rán àwọn ọmọ yín sí wọn pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ni ó dìbò, ta ni a kò jẹ́ kí ó dìbò, báwo ni a ti kéde rẹ̀, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ẹ gba ohùn ọmọ NPC àti ti Tálákà Parapọ̀ papọ̀, ẹ má ṣe ṣe ojúsàájú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti 1959 ni a ti ń dìbò, tí a ń ṣubú, tí a sì ń dìde. Ó ti tó àkókò kí a wo ẹ̀yìn kí ìdìbò mìíràn tó dé bá wa. Kí Ọlọ́run ó fún wa ní ọkàn láti gba òtítọ́ tí a bá rí níbẹ̀.