Olùkọ́ni Tó Lọ, Àtèyí Tó Kù

Ìwé-ẹ̀rí NCE, tí a ń fi ọdún mẹ́ta gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ni èyí tó kéré jù tí ìlànà orílẹ̀-èdè yìí béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ni bá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò kàn níkẹyìn.

Owó oṣù ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan. Kí ọdún tó yípo, ó ti kọjá ₦1,400. Ta ni yóò bú ọ̀dọ́ tó bá wo èyí tó sì wá ìwé ìrìnnà?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó kù ló ká wa lára jù. Bí olùkọ́ni Kẹ́mísìrì kan bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó kù ni yóò gbé e mọ́ tirẹ̀: ìwé ìdánwò òkìtì-òkìtì, àti àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní abúlé, tí òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láéláé. Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yóò kàn máa kà fún wọn kọ. Kò sí ìwé ìṣirò tí yóò ka òun mọ́ àwọn tó lọ.

Àjọ TETFund, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó sì ń rán olùkọ́ni lọ kàwé sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tí wọn kò padà. Kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù. Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tí a sún sí ọdún 65 dá àwọn àgbà dúró. Kò dá ọ̀dọ́ dúró.

Èyí tó wà ní ìkáwọ́ ìpínlẹ̀ kò le tó bí a ti ń rò. Kí owó ìgbéga bá ìwé ìgbéga rìn (àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ bí ìwé tí kò lówó nínú ṣe ń rí lọ́wọ́). Kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó lọ kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé. Ní ti owó àbẹ̀wò, kò tó nǹkan nínú ìṣúná. Kí ó dé ọwọ́ olùkọ́ni kí ó tó wọkọ̀.