Ìgboyà Kúrunmí Kò Tó Àwòkọ́ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Bí a bá ń ṣe àríyànjiyàn nílé ìwé lórí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ olórí Ìjàyè, ẹni tó bá pè é ní akọni tó kú nítorí àṣà ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Akọni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di àwòkọ́ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó síbi tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí jẹ Kakaǹfò, kí àwọn méjèèjì lè jẹ́ odi fún ilẹ̀ Yorùbá. Láyé ìgbà náà, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a kú. Àtìbà yí òfin yìí padà kí Adélù, ọmọ rẹ̀, lè jọba. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, Kúrunmí ní òun kò mọ Adélù ní ọba. Ní 1860, ogun bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn a ní òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni òfin yìí ti wà? Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Àrẹ̀mọ a máa jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwà àwọn Àrẹ̀mọ kan ló mú kí wọ́n fòpin sí i. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe.

Wọn a tún ní nítorí ọmọ ara rẹ̀ ni Àtìbà ṣe yí òfin padà. Òótọ́ ni, ẹjọ́ yìí sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló yẹ kó ní sùúrù jù. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.

Ta ló wá jẹ gbèsè ọfà náà? Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá kó ogun Ìbàdàn wá. Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, síbẹ̀ ebi wọ ìlú. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí òbí wọn kò rí oúnjẹ fún mọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníwàásù, tí wọ́n kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní 1861. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú. Nítorí pé kò fẹ́ kí Àrẹ̀mọ kan wà láàyè, àìmọye ọmọ tálákà kú.

Ẹ wo Ọjà Akẹ̀sán wa. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tún un kọ́, àwọn ìyá wa sì padà sídìí ọjà wọn. Ìjàyè kò padà di ìlú ńlá tó jẹ́ nígbà náà mọ́ títí dòní. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni Kúrunmí, ojú rẹ̀ ni orí ọmọ Ìjàyè ṣe wọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní 2022, àwa náà sì rí awuyewuye títí a fi yan ọba tuntun ní 2025. Ilé ẹjọ́ ni àwọn tí inú ń bí gbà lọ, wọn kò kó ogun ja ìlú. Wọ́n gbọ́n ju Kakaǹfò lọ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bi wá mọ́ pé, “Ṣé akọni ni Kúrunmí?” Ẹ bi wá pé, “Kí ni àwọn ará Ìjàyè rí gbà nínú ìgboyà rẹ̀?” Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́.