Òṣùwọ̀n Méjì Nínú Iṣẹ́ Kan

Iye tí kò ní orúkọ òṣùwọ̀n dà bí ìránṣẹ́ tí ó gbàgbé ẹni tí ó rán an. Bí ènìyàn bá wí pé "ogún" lásán, olùgbọ́ yóò bèèrè pé, ogún kí ni?

Àpẹẹrẹ èyí hàn kedere nínú àpótí onígíláàsì tí àwọn ènìyàn ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sí nínú ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ a máa fi ẹsẹ̀ bàtà pe gígùn rẹ̀, wọn a sì máa fi lítà pe omi tí ó gbà. Gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, gálọ́ọ̀nù ilẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: ti Gẹ̀ẹ́sì gba lítà 4.55, ti Amẹ́ríkà gba lítà 3.79 péré. Àpótí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, gba nǹkan bí lítà 85. Gálọ́ọ̀nù bí 19 ni èyí ní ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó di bí 22 ní ti Amẹ́ríkà.

Bí ẹja bá ń ṣàìsàn, bí omi ti pọ̀ tó ni a fi ń wọn oògùn sí i. Bí ìwé ara ìgò bá ní kí a kán ẹ̀kán kan sí gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá fi ti Amẹ́ríkà ṣírò yóò kán 22 dípò 19. Bí ó bá ṣi lítà mú fún gálọ́ọ̀nù, 85 ni yóò kán. Ẹja tí ìbá yè yóò kú, olówó rẹ̀ yóò sì máa dá oògùn lẹ́bi.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí ara ẹja. Ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, ọdún 1983, epo tán nínú ọkọ̀ òfurufú kan lójú ọ̀run ní ilẹ̀ Kánádà. Ní àkókò náà, ilẹ̀ náà ń kúrò nínú òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bọ́ sí ti kílógíráàmù. Kílógíráàmù ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣírò epo, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni wọ́n lò, pọ́n-ùn kan kò sì tó ìdajì kílógíráàmù. Ọgbọ́n awakọ̀ ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà balẹ̀ ní Gimli láìsí ẹni tí ó kú.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bàtà ta ilẹ̀, wọ́n ń fi yáàdì ta aṣọ, wọ́n sì ń fi lítà ta epo ọkọ̀. Ọjà kò tú nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè gba ọ̀nà méjì lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan náà? Pípọ̀ tí òṣùwọ̀n pọ̀ kọ́ ni ewu. Lílo méjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ni ewu.

Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan òṣùwọ̀n kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo iye, kí ó sì dúró tì í títí dé òpin. Olùkọ́ tí ó yọ máàkì nítorí orúkọ òṣùwọ̀n tí a kò kọ kò rorò. Bóyá ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń gbà là.