Ọkọ̀ Ńlá tí Wọ́n Tà ní Pọ́ùn Kan Ṣoṣo

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé wọ́n ta ọkọ̀ ojú omi kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 239 ní pọ́ùn kan ṣoṣo, ẹ ó ní irọ́ ni, tàbí kí ẹ ní ọkọ̀ náà ti di àlòkù tí kò wúlò mọ́. Kì í ṣe irọ́ rárá. Ní oṣù August ọdún 1974 ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ọkọ̀ náà sì ń kó èrò títí di òní olónìí. Waverley ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, àti ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe fún àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ayé àwọn baba wọn, ìtàn pọ́ùn kan náà kò lè yé wa.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí kì í gbára lé ìgbòkun, kò sì ní abẹ̀bẹ̀ irin lábẹ́ ìdí bí àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí. Kẹ̀kẹ́ ńlá méjì ni ó ní, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n tò yí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ká, tí ó ń wa omi gẹ́gẹ́ bí àjẹ̀ ti ń wà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Wọn a dá iná sábẹ́ ìkòkò omi ńlá. Bí omi náà bá hó, agbára ooru rẹ̀ ni í yí kẹ̀kẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rì wọ inú omi púpọ̀, nítorí náà ó lè sún mọ́ etíkun níbi tí omi kò ti jìn, ó sì tètè máa ń dúró bí ó bá dé èbúté. Kì í sì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Odò Ọya ní ọdún 1841, èyíinì ni Albert, Wilberforce àti Soudan, oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn, Samuel Ajayi Crowther tiwa sì wà nínú ìrìn-àjò náà.

Oníṣòwò ni ó dá òwò yìí sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Bell ní ilé ìtura kan ní Helensburgh, létí odò Clyde ní Skọ́tlándì. Ó ń wá oníbàárà, ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì rọrùn. Ní ọdún 1812 ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ kan tí ó pè ní Comet, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò láti Glasgow. Ṣílè 4 ni ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó síbi tí ó dára jù yóò san, ṣílè 3 ni ti ibi kejì. Nígbà náà, owó ńlá ni fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé bí ẹnìkan bá rí èrè lọ́jà, kò ní pẹ́ tí àwọn mìíràn yóò fi tẹ́ àtẹ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1815 parí, irú ọkọ̀ yìí ti wà lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń bá ara wọn du èrò, owó ọkọ̀ sì ń wálẹ̀, títí ó fi di ohun tí apá òṣìṣẹ́ ká.

Báyìí ni ìgbafẹ́ ojú òkun ṣe di ti gbogbo ènìyàn. Ní oṣù July, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá tì ní Glasgow fún ọdún ìlú wọn, tọkọtaya tọmọtọmọ a rọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Dunoon àti Rothesay. Ní ọdún 1871 ìjọba ṣe òfin pé kí báǹkì máa tì ní àwọn ọjọ́ kan nínú ọdún, ọjọ́ wọ̀nyí sì di ọjọ́ ìsinmi fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ Columba tí wọ́n kàn ní ọdún 1878 ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nínú! Ní Southend, níbi tí òkun ti máa ń fà sẹ́yìn ju máìlì kan lọ tí yóò fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fa afárá èbúté wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ó gùn ju máìlì kan àti ìdá mẹ́ta máìlì lọ díẹ̀; kò sí afárá ìgbafẹ́ tí ó gùn tó o ní gbogbo ayé.

Ẹ̀rín náà kò ṣàì sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 1853 òfin ti ilé ọtí pa ní ọjọ́ Ìsinmi ní Skọ́tlándì, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀mu kò bèèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ mọ́. Kí ó ṣáà ti ṣí ni tiwọn. Ọdún 1882 ni ìjọba tó dí ihò náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayọ̀ wà náà ni ẹkún wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù September, ọdún 1878, ọkọ̀ Princess Alice ń ti Sheerness àti Gravesend bọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kún dẹ́múdẹ́mú fún àwọn tí wọ́n lọ najú: ìyá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ọkọ pẹ̀lú aya. Nítòsí Woolwich ni ó pàdé Bywell Castle, ọkọ̀ ńlá kan tí ó máa ń kó èédú. Bí ó ti yẹ kí wọ́n yà fún ara wọn kò yé àwọn olùdarí méjèèjì bákan náà. Bywell Castle gé Princess Alice sí wẹ́wẹ́, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi rì. Díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Aṣọ ńlá tí àwọn obìnrin wọ̀ ń fà wọ́n sísàlẹ̀. Ẹ̀gbin ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń dà sínú odò ní apá ibẹ̀. Ó ju 600 ènìyàn tí ó kú. Iye wọn gan-an kò dájú títí di òní, nítorí kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ èrò sí.

Ẹ wo ohun tí àwọn mẹ̀kúnnù ṣe. Àwọn tí ó ju 23,000 lọ dá sísì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi owó náà gbé àgbélébùú òkúta ró ní itẹ́ òkú Woolwich, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú náà sí. Kì í ṣe ọba ni ó gbé e ró, kì í ṣe àwọn olówó. Sísì ni.

Nígbà tí ogun dé, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọ̀nyí náà lọ sójú ogun. Nínú ogun 1914 sí 1918 àti nínú ogun Hitler, wọ́n fi wọ́n ṣa àdó olóró kúrò lójú òkun. Nígbà tí àwọn Jámánì ká àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé mọ́ Dunkirk ní ọdún 1940, Medway Queen, tí kò mọ̀ ju kí ó máa gbé èrò lọ ṣeré, lọ síbẹ̀ nígbà méje. Nǹkan bí 7,000 ọmọ ogun ni a gbọ́ pé ó kó wálé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù May, àdó láti ojú ọ̀run jó Crested Eagle pa pẹ̀lú nǹkan bí 300 ènìyàn. Ní ọjọ́ kan náà ni Waverley àkọ́kọ́, tí wọ́n kàn ní ọdún 1899, rì sí òkun Dunkirk. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kàn ní Glasgow, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù June ọdún 1947.

Ohun tí ogun kò lè pa tán, àlàáfíà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ń gbé èrò dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi kò lè dé. Nígbà tí ó ṣe, ọkọ̀ òfuurufú ń gbé wọn lọ sí Spain, níbi tí oòrùn ti ń ràn dájúdájú. Owó epo àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò sì dín. Medway Queen fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1963, Bristol Queen ní ọdún 1967. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fọ́ tà fún oníirin àlòkù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó kórìíra ọkọ̀ wọ̀nyí. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé àwọn fẹ́ràn wọn. Wọn kò kàn wọ̀ wọ́n mọ́ ni.

Waverley ni ó kù. Nígbà tí ọdún 1973 ń parí lọ, àwọn olówó rẹ̀ ní àwọn kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ti dá sílẹ̀ ní ọdún 1959. Àwọn ni wọ́n tà á fún ní pọ́ùn kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn yóò gbé e kalẹ̀ fún ìwòran ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kéde kiri, àwọn ará ìlú dá owó, àwọn kan fi ọwọ́ ara wọn kùn ún ní ọ̀dà. Ní ọjọ́ 22 oṣù May ọdún 1975, Waverley tún gbé èrò jáde.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1977 ó gun orí àpáta nítòsí Dunoon. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 2019 ìkòkò omi rẹ̀ bàjẹ́, títún un ṣe sì ń bèèrè pọ́ùn mílíọ̀nù 2 ó lé. Àwọn ará ìlú tún dá owó, ìjọba Skọ́tlándì náà fi tirẹ̀ kún un, ó sì padà sórí omi ní ọdún 2020. Òun nìkan ṣoṣo ni ọkọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tí ó ṣì ń kó èrò lọ sójú òkun ní gbogbo ayé.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Pọ́ùn kan ni wọ́n fi ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n pọ́ùn kan kọ́ ni ó mú un wà láàyè. Bí ènìyàn bá ra ohun kan lọ́pọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kì í wá lọ́pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra mọ́tò àlòkù rí mọ èyí ju mí lọ. Èkejì ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kọ́bọ̀ àti sísì àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sọ òwò yìí di ńlá, sísì ni ó gbé àgbélébùú Woolwich ró, owó kéékèèké náà ni ó sì yọ Waverley lọ́wọ́ àwọn oníirin àlòkù. Ìwé kíkà wà ní ìlú wa, gbọ̀ngàn wà, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn baba wa fi àjọ kọ́ wà. Gbogbo wa la ń yìn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè pé nígbà wo ni a wọlé síbẹ̀ kẹ́yìn, àti pé èló ni a dá.