Vom, Ẹ Kú Oríire Ọgọ́rùn-ún Ọdún!

Ẹ bá mi lu agogo, kí ará ọ̀nà jíjìn gbọ́! Ilé ìwádìí ìlera ẹran-ọ̀sìn ní Vom, lórí òkè Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2024. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ ẹran màlúù níbi ìnáwó rí, oore yín ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Rinderpest, àrùn tó ń pa màlúù, ló bí Vom. Ó wọ Ethiopia ní nǹkan bí 1887. Nígbà tó fi máa di 1896, ó ti dé ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà. Màlúù tó bá mú, ara rẹ̀ á gbóná, omi á máa dà lójú rẹ̀, ẹnu á di egbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, ikú ló sì sábà máa ń parí rẹ̀. Darandaran tó ní agbo lè di ẹni tí ọ̀pá nìkan kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Vom ìgbà náà wú mi lórí. Màlúù tó bá yè é, ààbò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ náà, á dì, wọn á gba omi tó yọ lórí rẹ̀, wọn á sì gún un fún màlúù tí àrùn kò tíì mú. Agbára omi yìí kì í pẹ́, nítorí náà wọ́n tún ń gún ẹ̀jẹ̀ tí àrùn wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, kí ààbò náà lè pẹ́. Bí omi náà bá kéré, màlúù lè kú. Ìjọba amúnisìn tó ń gba jangali, owó orí màlúù, ló sì ní kí Fúlàní mú agbo wá! Wọ́n fura, wọ́n sì jàre. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn mú un wá.

Àjọ̀dún yìí kì í ṣe ti òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba nìkan. Ti ẹni tó di ìwo màlúù mú ni, ti ẹni tó ń fọ ìgò, ti ẹni tó gbé àpótí abẹ́rẹ́ láti ibùdó dé ibùdó.

Láti 1962 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti para pọ̀ gún màlúù lábẹ́rẹ́ àjẹsára tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Àrùn náà tún yọjú ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a tún lé e. Ní 2011, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Lẹ́yìn Ṣànpọ̀nná, òun ni àrùn kejì tí ọmọ aráyé pa run!

Vom kò sinmi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lùkúlùkú tí àwọn olósìn adìẹ ń lò, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí màlúù ló tún bá wa yẹ ènìyàn wò.

Onílù, gbé e sókè. Ẹ̀yin ará Vom, ẹ bọ́ sójú agbo!