Jíìpù Ńlá: Owó Epo Ló Ń Jẹ Owó Àtúnṣe

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ogidi, Nkpor, Obosi àti Onitsha, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ìpàdé wa tó kọjá tí n kò fẹ́ kó tutù kí n tó dá sí i. Owó tí a ti ń dá jọ láti ra ọkọ̀ ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, wọ́n ní jíìpù ńlá ni ká rà, tòkunbọ̀ onísílíńdà mẹ́jọ, irú èyí tí yóò jẹ́ kí àwọn onílé wa mọ̀ pé Yorùbá náà dé. Wọ́n ní owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti tuntun nítorí pé ọkọ̀ náà ti pẹ́. Àwọn àgbà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru, nítorí mo mọ ohun tí jíìpù ńlá fi ojú mi rí.

Ní ọdún 2013 ni mo ra ọ̀kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ọkọ̀. Ó ga, ó fẹ̀, nígbà tí mo sì gbé e wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé ń hó lé mi lórí. 97 náírà ni lítà epo bẹntiróòlù nígbà náà, mo sì rò pé mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ni mo ń fi ra epo. Ó yẹ kí n pààrọ̀ ọ́ìlì, mo ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo ń bu omi sí i láràárọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi, ọmọ Ogidi níbí, sọ fún mi pé, “Baba, ẹ má gbé ọkọ̀ yìí lọ sí ọ̀nà jíjìn o.” Mo ní mo ti gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2015, wọ́n pè mí láti ilé pé ìyá mi ti jáde láyé. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn. Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé jíìpù mi, mo kọ orí rẹ̀ sílé. A ò tíì jìnnà sí Benin tí èéfín funfun fi bo iwájú ọkọ̀. Omi ti tán nínú rédíétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Kí n tó rí mọ́tò mìíràn wọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti sin ìyá mi. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ni mo bá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Jíìpù ńlá kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Ẹ́ńjìnnì Toyota onísílíńdà mẹ́jọ, 4.7 lítà, tó wà nínú Land Cruiser àtijọ́, nínú Sequoia àkọ́kọ́ àti nínú Lexus GX470, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ pé alágbára ni. Orí férémù irin bíi ti lọ́rì ni wọ́n gbé ara wọn lé. Ní ilẹ̀ Anambra tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tó ga wúlò. A tún rí ojúure gbà níbí ju àwọn ará wa nílé lọ, torí pé Nkpor àti Mgbuka Obosi wà nítòsí wa, Nnewi náà kò jìnnà. Kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a fẹ́ tí a ò ní rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ìdí tí ọkọ̀ wọ̀nyí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni láàárín wa, kí gbogbo Nàìjíríà tó fi pe mọ́tò. Ọmọ tí a bá mú ti òkun bọ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó lé e kúrò lọ́hùn-ún. Ní oṣù keje ọdún 2008, owó epo ní Amẹ́ríkà lé ní dọ́là 4 fún gálọ́ọ̀nù kan. Àwọn tó ni jíìpù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọ̀pọ̀, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ohun tí ọlọ́rọ̀ sá fún nítorí epo, ṣé àwa tí a ń ta aṣọ àti ẹ̀rọ̀jà la fẹ́ gbà á mọ́ra láìronú?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé Sequoia àti GX470 ti ọdún 2005 ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin nǹkan bíi máìlì 15, ìgboro àti ọ̀nà márosẹ̀ pọ̀. Ford Expedition ti ọdún náà, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, bíi 14 ni. Sienna rin bíi 19, Camry onísílíńdà mẹ́rin rin bíi 24. Ní ọ̀nà tiwa, lítà kan á gbé Sequoia rin kìlómítà 6 àti díẹ̀, á gbé Sienna rin 8, á gbé Camry rin 10. Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun ni wọ́n wọn èyí o. Èyí tó ti lo ogún ọdún, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó, tí táyà rẹ̀ kò kún, tó tún ń dúró nínú gósílóò Upper Iweka, á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibí dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 450. Sequoia á mu lítà 70, Sienna á mu 56. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà di 617 náírà nínú oṣù keje ọdún náà, ó sì kọjá 1,000 náírà ní ọdún 2024. Ká fi lítà kan sí 1,000 náírà kí ìṣirò lè rọrùn. Lílọ àti bíbọ̀ Sequoia jẹ́ 140,000 náírà, ti Sienna jẹ́ 112,000. Ìyàtọ̀ 28,000 náírà nìyẹn lórí ìrìn àjò kan, bẹ́ẹ̀ sì ni iye èrò tí wọ́n ń kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ìyàtọ̀ náà á di 672,000 náírà lọ́dún.

Owó yẹn gan-an ló yẹ kó ra rédíétọ̀, kó ra táyà, kó pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní timing belt. Fún ẹ́ńjìnnì 4.7 tí mo sọ, máìlì 90,000 ni wọ́n ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ó lè ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. Ọkọ̀ tó lágbára, tí epo bá ti jẹ owó ìtọ́jú rẹ̀ tán, á di ọkọ̀ tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó ṣe èmi nìyẹn.

Àwọn kan á ní Sienna kò ní iyì. Iyì ọkọ̀ ni kó gbé ni débi tí à ń lọ. Ẹ lọ sí Upper Iweka kí ẹ wo iye Sienna tó ń kó èrò kúrò ní Onitsha. Àwọn onílé wa, oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n mọ owó kà. Òótọ́ ni pé Sienna kò ga, kò sì fẹ́ràn ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ á máa rìn jù. Bí a bá fẹ́ rà á, ti ọdún 2007 sí 2010 ni kí a wá, torí pé ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Ẹni tó bá sì ní agbára, tó fẹ́ ra jíìpù ńlá fún ara rẹ̀, n kò dí i lọ́wọ́. Kó kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo férémù. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà nígbà yìnyín máa ń jẹ irin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ férémù tó ń dípẹtà pẹ̀lú owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, Sequoia ti ọdún 2005 sí 2008 sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ lè jẹ́ ìbòjú. Kó ṣí kápẹ́ẹ̀tì, kó wò ó bóyá ẹrẹ̀ omíyalé wà níbẹ̀. Kó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tó bá ra epo, kó fi ìdámẹ́rin iye owó náà pamọ́ fún àtúnṣe. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó má rà á. Kó má sì fowó ọjà rà á rárá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi á dìde, mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà tó mọ òtítọ́ yìí dìde pẹ̀lú mi. Ọkọ̀ tí a máa rà yìí ni a máa fi gbé aláìsàn wa, òun náà ni a máa fi gbé ọmọ tí wọ́n pè láàárọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká ra èyí tí yóò gbé e débẹ̀ kí wọ́n tó bo sàréè.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àṣẹ.