Iwájú Ilé Ta Ni? Ẹgbẹ́ Onílé àti Ọkọ̀-Ilé ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ra ilé ní Amẹ́ríkà lónìí, tó sì san owó rẹ̀ pé, lè má ní àṣẹ láti gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ síwájú ilé náà. Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya ará Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lẹ́nu, níbi tí ènìyàn ti lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dákú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sí ojúde rẹ̀, tí aládùúgbò yóò kàn máa kùn lábẹ́lẹ̀. Ní Texas, ní Florida, ní Arizona, ìwé ìtanràn ni yóò kan ilẹ̀kùn onílé, àwọn tó sì kọ ọ́ lè má jẹ́ ìjọba rárá. Ẹgbẹ́ onílé ni.

Ọkọ̀ tó sábà máa ń dá ìjà yìí sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní RV, ọkọ̀-ilé, tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀; òmíràn, ọkọ̀ mìíràn ló ń fà á. Nígbà tí àrùn Kòrónà lé àwọn ènìyàn kúrò nínú bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ya bo ọkọ̀-ilé bí eṣú. Ní ọdún 2021 nìkan, iye tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó jáde lé ní 600,000, ìlú Elkhart àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Lẹ́yìn ìrìn àjò ni olúkúlùkù wá ń wo ibi tí yóò gbé tirẹ̀ sí.

Àwọn alágbàtà ilé rí ọjà nínú ìṣòro yìí. "Àyè RV wà" ti di gbólóhùn tó ń gbé iye ilé sókè. Nígbà mìíràn, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ ilé lásán ló túmọ̀ sí. Ọkọ̀-ilé tó tóbi jù lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 45, kí ó sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8 lọ. Kọnkéré tí wọ́n dà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sán lábẹ́ ìwúwo rẹ̀. Iná tó ń lò náà yàtọ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 ámpù tàbí 50 ámpù ni. Òǹrajà tó gbọ́n yóò mú okùn ìwọ̀n dání, yóò wọn ẹnubodè, yóò wo wáyà iná tó rọ̀ sójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò tíì wo ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fúnni ní àyè ní Amẹ́ríkà, ìwé ni.

Àwọn tó ń gbé lábẹ́ irú ẹgbẹ́ báyìí níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 70 lọ. Ẹni tó bá fi ojú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò ní Èkó wò ó yóò ṣìnà. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ń dá owó ọlọ́dẹ àti owó tiransifọ́mà. Ẹni tí kò bá wá sípàdé, wọn yóò bínú sí i, ó parí. Ti Amẹ́ríkà wà nínú ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ilé ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn náà ń bá a lọ. Ẹni tó rà á ti gbà á, ì báà kà á, ì báà má kà á. Ó lè sọ irú ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ilé, bí koríko ṣe gbọdọ̀ ga mọ, àti iye wákàtí tí ọkọ̀-ilé lè lò lójúde kí wọ́n tó bu ìtanràn lé onílé lórí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ gbà kí wọ́n tìtorí owó ẹgbẹ́ tí onílé kò san gbé ilé rẹ̀ tà.

Alágbàtà tó polówó àyè RV kò purọ́. Àyè wà lóòótọ́. Ìwé ló ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ìwé tó nípọn yìí sì lè má dé ọwọ́ òǹrajà títí tí yóò fi fi ọkàn sí ilé náà tán, tí yóò ti sanwó àyẹ̀wò, tí báǹkì yóò ti máa dúró dè é. Ta ni yóò fara balẹ̀ kà á nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Nígbà tó bá yá, yóò máa san owó oṣù ní àgbàlá ìgbọ́kọ̀sí tó jìnnà sílé, ọkọ̀ rẹ̀ yóò di àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú adìẹ. Àyè tó sanwó fún yóò máa hu koríko, koríko tí ìwé kan náà ti wọn gíga rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ní àwíjàre. Wọ́n ní ọkọ̀-ilé ń ba ẹwà àdúgbò jẹ́, ó sì ń fa iye ilé wálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dí ojú awakọ̀ ní ìkóríta, tàbí tó dí ọ̀nà mọ́ panápaná, ó tọ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Kò sí olóye tí yóò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí kà léèwọ̀ kì í ṣe ewu, ìrísí ni. Jíìpù mẹ́ta olówó gọbọi lè tò síwájú ilé kan, ẹgbẹ́ kò ní wí nǹkan kan. Ọkọ̀-ilé kan ṣoṣo tí tọkọtaya àgbà fi owó ìfẹ̀yìntì rà ni yóò di ẹ̀gbin. Inú ìlà òfin kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń to ọkọ̀ iṣẹ́ sí: ti oníṣẹ́ páìpù omi, ti oníṣẹ́ iná, ti akẹ́rù. Ọmọ Yorùbá tó bá ń fi ọkọ̀ ńlá jẹun ní Houston tàbí Atlanta, tó sì ra ilé sínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun gan-an ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ hàn lójúde. Ẹwà wo ló wà nínú kí àdúgbò máa ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Irinṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń lò yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1911, àwọn onílé kan ní òpópónà Labadie, ní ìlú St. Louis, fọwọ́ sí àdéhùn pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ gbé inú ilé wọn. Ní 1945, ìdílé Shelley, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ra ilé kan níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò sì pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n lè lé wọn jáde. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 1948 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ, ó sì di 1968 kí òfin orílẹ̀-èdè náà tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọjà ilé sí ẹ̀ṣẹ̀. Lílé ènìyàn kì í ṣe ẹgbẹ́ lílé ọkọ̀. Ọgbọ́n ìwé náà ló jọra: aládùúgbò yóò kọ ìfẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ yóò gbé e fún àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, wọn yóò sì máa pè é ní ohun tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Orílẹ̀-èdè tó ti rí ibi tí ọgbọ́n yìí gbé e dé yẹ kó máa fura sí i.

Florida ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ẹgbẹ́ onílé kò gbọdọ̀ dí onílé lọ́wọ́ láti tọ́jú ohun tí kò hàn láti iwájú ilé tàbí láti ilẹ̀ aládùúgbò. Òfin náà dárúkọ ọkọ̀-ilé àti ọkọ̀ ojú omi. Ní 2024, wọ́n fi kún un pé ẹgbẹ́ kò lè lé ọkọ̀ ara ẹni, títí kan píkọ́ọ̀pù, kúrò lójúde onílé. Ó yẹ kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi dandan lé e pé kí ìwé ẹgbẹ́ dé ọwọ́ òǹrajà kí ó tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí ẹni tó ń wá àyè ọkọ̀ béèrè ìwé kí ó tó béèrè iye owó.

Òfin Florida pàápàá kò tíì parí iṣẹ́. Ọgbà onípákó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yí ẹ̀yìnkùlé ká kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ọkọ̀-ilé ńlá ga ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ yóò yọ, aládùúgbò yóò rí i, ẹgbẹ́ yóò sì tún gba àṣẹ rẹ̀ padà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, tí igi bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ni òfin náà gbà. Ẹni tó ra ilé kékeré nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ, ojú aládùúgbò ló ṣì ń ṣe adájọ́ rẹ̀.